Ẹbọ, Òfin àti Ìlú Hialeah

 

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn Máàsì kejì, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi nínú ìjọ wa mú ìwé kan wá bá mi. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni. A ti tẹ̀ ẹ́ dáradára, orúkọ àwọn ènìyàn tí ó lé ní ogójì sì ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láti inú ìjọ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ Yorùbá kan tí ń bọ Ògún máa ṣe ọdún wọn ní àgbàlá kan tí wọ́n háyà lẹ́bàá ọjà. Bàbá náà ní, "Fadá, tiyín nìkan ni ó kù. Bí orúkọ yín bá wà níbẹ̀, wọn yóò gbọ́." Mo ní kí ó fi ìwé náà sílẹ̀ kí n rò ó wò. Ó yà á lẹ́nu pé ohun kan wà láti rò. Ó ní, "Fadá, abọ̀rìṣà mà ni wọ́n. Kí ni ó kàn wá nínú òmìnira abọ̀rìṣà?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti bàbá yìí nìkan. Nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin ní ọdún 2023 lórí bóyá àwọn oníṣẹ̀ṣe lè ṣe ọdún wọn ní gbangba nínú ìlú náà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi ni ó bi mí ní irú rẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ronú, ọkàn mi sì ń padà lọ sí ẹjọ́ kan tí a dá ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993, ẹjọ́ tí ó kan òrìṣà Yorùbá gan-an, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ wó ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn wa ni a kó lẹ́rú tí a sì tà sí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn ní erékùṣù Cuba, níbi tí àwọn ará Sípéènì ti ń fi ẹrú gbin ìrèké. Lukumi ni a ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé inú "olùkù mi" ni orúkọ náà ti wá, èyí tí í ṣe "ọ̀rẹ́ mi" nínú ẹ̀ka èdè wa kan. Òfin Sípéènì pàṣẹ pé kí a ri ẹrú bọmi. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá wọ́n gbàgbọ́, ó sì ń dun èmi àlùfáà láti sọ èyí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ìjọ tún gba àwọn ọmọ Áfíríkà láàyè láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà wọn, èyí tí a ń pè ní cabildo, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ kan. Lábẹ́ àsíá Barbara Mímọ́ ni wọ́n ti ń kọrin fún Ṣàǹgó. Lábẹ́ orúkọ Ìyá Wa ti El Cobre ni wọ́n ti ń kí Ọ̀ṣun. Ní ti Lásárù, alágbe inú òwe Olúwa wa, tí egbò bo ara rẹ̀ tí àwọn ajá sì ń lá á, wọ́n rí i pé ó jọ Ọbalúayé, ẹni tí wọ́n ń pè ní Babalú Ayé. Títí di òní, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá, èrò a máa ya lọ sí ilé ìjọsìn Lásárù ní El Rincón, lẹ́bàá Havana, àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa fi eékún rìn lọ. Ta ni nínú wọn ń kí Lásárù, ta ni ń kí Ọbalúayé? Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹni tí ó jìnnà sí wa ni mò ń sọ. Orúkọ tí wọ́n ń fi pe ìjọ wa ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìjọ Àgùdà, láti ara àwọn tí ó padà bọ̀ láti Brazil àti Cuba ni ó ti wá. Wọ́n ti gba ìrìbọmi lóko ẹrú, wọ́n sì kó ẹ̀sìn náà bọ̀ wá sí Èkó kí àlùfáà kankan tó wá bá wọn gbé. Nígbà tí Fadá Borghero ti ẹgbẹ́ S.M.A. dé Èkó ní ọdún 1863, àwọn onígbàgbọ́ ni ó bá níbẹ̀, lábẹ́ ìtọ́jú ẹrú kan rí tí ó ti Brazil dé, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Padre Antonio, tí kò sì joyè àlùfáà rárá. Òfin ìrìbọmi ẹrú kan náà ni ó bí ìjọ wa ní Èkó, tí ó sì bí ẹ̀sìn Lukumi tí ó fi aṣọ ẹni mímọ́ bo òrìṣà.

Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba tí Fidel Castro ṣe ní Cuba ní ọdún 1959, àwọn ará Cuba bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sí ìpínlẹ̀ Florida. Ní ọdún 1980 nìkan, àwọn bí 125,000 ni wọ́n gba èbúté Mariel kọjá. Wọ́n kó òrìṣà wọn dání. Ìlú Hialeah, tí kò jìnnà sí Miami, kún fún àwọn ará Cuba tó bẹ́ẹ̀ tí èdè Sípáníìṣì fi di èdè ọjà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1987, olórí ìjọ Lukumi kan, Ernesto Pichardo, háyà ilẹ̀ kan nínú ìlú náà, ó sì kéde pé àwọn yóò kọ́ ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí síbẹ̀. Orúkọ ìjọ náà ni Ìjọ Lukumi Babalú Ayé. Ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, gẹ́gẹ́ bí ìjọ gbogbo ti í ṣe. Títí di ìgbà náà, nínú ilé, ní kọ̀rọ̀, ni àwọn ẹlẹ́sìn yìí ti ń rúbọ. Pichardo sọ pé àwọn fẹ́ jáde sí gbangba.

Ìlú gbóná. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, ìgbìmọ̀ ìlú pe ìpàdé pàjáwìrì, èrò sì kún ibẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé náà ṣì wà, ilé-ẹjọ́ sì yẹ̀ ẹ́ wò nígbẹ̀yìn. Nígbà tí Pichardo dìde láti sọ̀rọ̀, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń jù àwọn tí ń ṣe ẹ̀sìn yìí sí ní Cuba, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́. Ẹ rò ó wò: àwọn tí ó sá fún ìjọba tí ń ju ènìyàn sẹ́wọ̀n ni ó ń pàtẹ́wọ́ yẹn. Alága ìgbìmọ̀ béèrè ohun tí àwọn lè ṣe kí ìjọ náà má baà ṣílẹ̀kùn. Àlùfáà àwọn ọlọ́pàá ìlú náà dìde, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀sìn náà, ìwà òmùgọ̀ ni, ìríra ni níwájú Olúwa, àti pé ẹ̀mí èṣù ni wọ́n ń bọ. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí, nítorí irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èmi náà ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé lórí àga ìwàásù ni ó ti sọ ọ́, èmi kì bá tí bá a jà. Èmi náà gbàgbọ́ pé ẹbọ kan ṣoṣo ni ó gba aráyé là, mo sì ń wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwàásù ni ó ń ṣe lọ́jọ́ náà. Òfin ni ó ń bá wọn ṣe.

Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ náà ṣe òfin oríṣiríṣi, gbogbo wọn sì fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin náà ní ìrúbọ ni kí ènìyàn pa ẹran láìnídìí nínú ètò ìsìn, nígbà tí kì í ṣe pé torí jíjẹ gan-an ni a ṣe pa á. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí lè san owó ìtanràn tí ó tó dọ́là 500, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n ọgọ́ta ọjọ́, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Kí ni àwọn Lukumi ń pa? Adìẹ, ẹyẹlé, pẹ́pẹ́yẹ, ewúrẹ́, àgùntàn, ìjàpá. Wọ́n ń pa wọ́n níbi ìbí, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwòsàn àti ìgbà tí ẹnì kan bá ń wọlé sí ipò awo. Lẹ́yìn náà wọn a sè é, wọn a sì jẹ ẹ́, àyàfi ti ìwòsàn àti ti òkú. Ẹ̀yin náà mọ èyí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó sọ fún pé ẹran ẹbọ ṣe é jẹ.

Ìjọ náà gbé ìlú lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 1989 wọ́n pàdánù. Ní ọdún 1991 wọ́n tún pàdánù ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992, agbẹjọ́rò wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Douglas Laycock, dúró níwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà ọdún 1993, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fohùn ṣọ̀kan pé àwọn òfin Hialeah kò lè dúró. Adájọ́ Anthony Kennedy, ọmọ Ìjọ Àgùdà bíi tiwa, ni ó kọ ìdájọ́ náà.

Ọ̀nà tí ó gbà ronú ni ó wù mí jù, nítorí pé kò bẹ̀rẹ̀ láti orí bóyá ẹbọ dára tàbí kò dára. Ohun tí òfin náà fi sílẹ̀ láìfọwọ́kàn ni ó wò. Ìlú ní àánú ẹranko ni ó ń ṣe àwọn. Adájọ́ ní: ọdẹ ń pa ẹran ní Florida, kò sí ẹni tí ó mú un. Apẹja ń pẹja. A ń pa eku àti kòkòrò inú ilé. Àwọn Júù ń pa ẹran gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ̀sìn wọn, ìlú sì yọ wọ́n sílẹ̀. Ìlú ní ìlera ará ìlú ni, nítorí òkú ẹran tí a jù sí ìta lè mú àrùn wá. Adájọ́ ní: ilé oúnjẹ ń da egungun àti ìfun nù lójoojúmọ́, ọdẹ sì ń jẹ ẹran tí oníṣègùn ìjọba kò yẹ̀ wò, kí ló dé tí òfin yìí kò kàn wọ́n? Nígbà tí a bá yọ gbogbo àwọn tí a yọ tán, ẹni kan ṣoṣo ni ó kù nínú àwọ̀n. A hun òfin náà bí àwọ̀n tí ihò rẹ̀ fẹ̀ fún gbogbo ẹja, àyàfi ẹja tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lukumi. Irú òfin bẹ́ẹ̀, ìkórìíra ẹ̀sìn ni, aṣọ ìlera ni ó wọ̀.

Nísinsìnyí, mo mọ ohun tí àwọn àgbà nínú yín ń rò, nítorí pé Ọbalúayé ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi àgbà kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an. "Ilẹ̀gbóná" ni ó máa ń wí, tàbí "Olóde", yóò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìsìn Ṣọ̀pọ̀ná ní ilẹ̀ wa, kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó wà nídìí rẹ̀. Dókítà Ogúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Yorùbá, ni ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà náà lábẹ́lẹ̀, tí ó jáde wá sọ pé wọ́n ń fi ohun tí wọ́n ha lára aláìsàn tan àrùn náà kálẹ̀. Èmi kò ní dá Sàpárà lẹ́bi. Ìgbóná pa àwọn ènìyàn wa bí ẹni pa eṣinṣin kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ṣẹ́gun rẹ̀, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọdún 1980 pé ó ti tán láyé. Ẹni tí ó bá ń fi àrùn pa aládùúgbò rẹ̀ kò lè fi òrìṣà bojú, kò sì lè fi Kristi bojú. Ìwé òfin wa ti ọdún 1999 sọ ohun méjèèjì: ní abala 38, pé olúkúlùkù ní òmìnira láti sin ohun tí ó gbàgbọ́ ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀, àti láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà, ní abala 45, pé òfin lè dín òmìnira yìí kù nítorí ààbò, ìlera àti ètò ìlú. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín òfin tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan àrùn kálẹ̀, àti òfin tí ó dárúkọ òrìṣà kan. Ti Èkó nígbà náà ní ìdí tí ojú lè rí. Ti Hialeah kò ní.

Ìjọ tiwa gan-an mọ bí òfin tí ó dojú kọ ẹbọ ti rí. Ní ọdún 250, Ọba Desiu ní Róòmù pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí òrìṣà ìlú, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Àwọn kan nínú àwọn tí ó kọ̀ kú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1559, òfin dá Máàsì dúró, Máàsì tí àwa Yorùbá ń pè ní Ẹbọ Mímọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1585, àlùfáà tí a yàn ní òkè òkun tí ó bá padà wọ ilẹ̀ náà ti di ọ̀dàlẹ̀, ikú sì ni ìjìyà rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní ìlú York, wọ́n fi òkúta àti ilẹ̀kùn tẹ Margaret Clitherow pa, ìyàwó alápatà kan, nítorí pé ó fi àwọn àlùfáà pamọ́ sínú ilé rẹ̀. Ọdún 1791 ni òfin tó gbà kí a ṣe Máàsì ní gbangba níbẹ̀. Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ ti ìgbà náà, ìdáhùn wọn kò yàtọ̀ sí ti àlùfáà Hialeah: ìríra ni, ìbọ̀rìṣà ni.

Ṣé Ìjọ náà kò ṣe irú rẹ̀ rí nígbà tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ṣe é. Ní ọdún 1864 Póòpù Pius Kẹsàn-án ka èrò àwọn tí ó ní kí ìjọba má ṣe fi ẹ̀sìn Kátólíìkì nìkan ṣe ẹ̀sìn ìlú mọ́ àwọn àṣìṣe ayé òde òní. Ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún kí Àpérò Vatican Kejì tó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1965. Nínú ìwé tí a ń pè ní Dignitatis Humanae, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù sọ pé iyì tí Ọlọ́run fi dá ènìyàn ni ó fún un ní òmìnira láti má ṣe fi ipá sìn, àti láti má ṣe rí ìdíwọ́ nínú ìsìn rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti da ìlú rú. Àwọn 2,308 gbà, àwọn 70 kọ̀. Wọn kò sọ pé ẹ̀sìn gbogbo rí bákan náà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni mo ti kọ́kọ́ ka ìwé náà, mo sì gba ìdánwò rẹ̀ yege, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò bá mi lórí tábìlì, pẹ̀lú orúkọ ogójì ènìyàn nísàlẹ̀.

Ìdájọ́ 1993 kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ní ọdún 1990, ilé-ẹjọ́ kan náà ti dá ẹjọ́ àwọn ọmọ ìjọ Íńdíà Amẹ́ríkà méjì ní Oregon, tí wọ́n jẹ peyote nínú ìsìn wọn tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn adájọ́ ní bí òfin bá ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí kò dojú kọ ẹ̀sìn kankan, ó lè mú ẹlẹ́sìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá tí òfin ti de ọtí, ẹ yára lóye èyí. Bí òfin bá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní ọtí lọ́wọ́, tí kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, wáìnì Máàsì ń kọ́? Nígbà tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ de ọtí, òfin ọdún 1919 yọ wáìnì ìsìn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí èrò ti 1990, oore ọ̀fẹ́ àwọn aṣòfin ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ọ̀rọ̀ náà ka àwọn ará Amẹ́ríkà láyà tó bẹ́ẹ̀ tí Ààrẹ Clinton fi fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993 láti dá ààbò ẹ̀sìn padà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i pé òfin náà kò le tó ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà wa ní San Antonio, Flores, tí ìlú Boerne kò jẹ́ kí ó fẹ ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ lójú, nítorí pé ilé náà ti di ti àtijọ́. Ní ọdún 1997 ó pàdánù ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Pichardo jàre, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà jẹ̀bi. Nígbà tí alábòrìṣà mìíràn, José Merced, fẹ́ pa ewúrẹ́ nínú ilé rẹ̀ ní ìlú Euless ní ìpínlẹ̀ Texas kan náà, òfin ìpínlẹ̀ náà lórí òmìnira ẹ̀sìn ni ilé-ẹjọ́ fi dá a láre ní ọdún 2009. Òfin náà, ti onígbàgbọ́ àti ti alábòrìṣà ni.

Bàbá wa tí ó mú ìwé wá, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi. Ìwé yín ṣì wà lórí tábìlì mi, èmi kò sì ní fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ohun tí àwọn ènìyàn yẹn ń ṣe. Bí wọ́n bá gbà mí láyè n ó wàásù fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti kọ̀wé fún ilẹ̀ ilé ìjọsìn wa kékeré, ìwé náà kò sì kúrò lójú kan. Ọ́fíìsì tí ẹ fẹ́ mú ìwé ẹ̀bẹ̀ yín lọ ni ó wà. Akọ̀wé ibẹ̀ sọ fún mi pé àwọn aládùúgbò kan ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ ilé ìjọsìn àwọn àjèjì ní àdúgbò àwọn. N kò rí ìwé náà, ṣùgbọ́n mo lérò pé a tẹ̀ ẹ́ dáradára, orúkọ púpọ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wá gba tiyín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Máàsì àárọ̀. Bí ẹ bá fẹ́, àwa méjèèjì lè jọ lọ bá àwọn tí ó háyà àgbàlá náà sọ̀rọ̀ nípa ìlù tí wọ́n ń lù di òru, nítorí òun ni ẹ kọ́kọ́ wí fún mi pé kò jẹ́ kí ẹ sùn, kí ọ̀rọ̀ tó di ti òrìṣà.